Ọba tí kò gbọdọ̀ sọ tẹnu ẹ̀

"Ọba wo nìyẹn, tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ fún kó kà?"

Bábà tó ń gẹrun mi ní Lágéré ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dá kílípà dúró ní ìdajì orí mi kó lè rí tẹlifíṣọ̀n dáadáa. Fídíò ọjọ́ tí Ọba Charles lọ ṣí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní London ni wọ́n ń gbé sí i. Adé ń bẹ lórí, aṣọ ìgúnwà gùn débi pé àwọn ọmọdé ló ń bá a gbé ìdí aṣọ náà. Ó jókòó, ó ń ka ìwé: ìjọba mi á ṣe tibí, ìjọba mi á ṣe tọ̀hún. Bẹ́ẹ̀, kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Àwọn tó wọlé ìbò ló kọ ọ́ fún un. Bí ẹgbẹ́ mìíràn bá gbàjọba lọ́la, ohùn yẹn náà ni yóò fi ka òdìkejì ohun tó kà lónìí.

Ẹ̀rín sọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń dúró de tirẹ̀ ní àwa tá a ní Kábíyèsí, ẹni tí a kì í bi léèrè, la mọ ohun tó ń jẹ́ ọba. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni mo wá rò ó pé àwa ará Ifẹ̀ gan-an ló yẹ kó mọ irú ìjókòó yẹn jù. Ọ̀kan nínú àwọn Ọọ̀ni wa ti jókòó síbẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo tọ̀hún ná. Ìlú Ọba la ń pe ibẹ̀, àmọ́ ọba kì í wọ yàrá àwọn aṣòfin tí ará ìlú dìbò yàn. Ní 1642, Charles Kìíní kó sójà wọ ibẹ̀ láti wá mú aṣòfin márùn-ún. Wọ́n ti sá lọ. Ó bi abẹnugan ibi tí wọ́n wà, abẹnugan kúnlẹ̀, ó ní òun kò ní ojú tàbí ahọ́n níbẹ̀ àfi èyí tí ilé bá ní kí òun lò. Ọdún méje lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ́ ọba yẹn lórí. Títí dòní, bí ọba bá fẹ́ kí wọ́n wá gbọ́ ọ̀rọ̀ òun, ìránṣẹ́ ló ń rán, wọ́n á sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ìránṣẹ́ náà lójú gbàgà. Ó di ìgbà tó bá fi ọ̀pá dúdú ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó ṣí i. (Kí wọ́n pa ilẹ̀kùn mọ́ ẹmẹ̀sẹ̀ Ọọ̀ni lójú! Ẹ ro ó wò.)

Àbá kì í di òfin láìjẹ́ pé ọba fọwọ́ sí i, síbẹ̀ láti 1708 kò sí ọba kankan níbẹ̀ tó kọ̀. Ilé àwọn Lords, tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún, lè fa àbá òfin sẹ́yìn fún nǹkan bí ọdún kan, agbára wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó wá kù fún ọba ni kó pe ẹni tí ọ̀pọ̀ aṣòfin wà lẹ́yìn rẹ̀ kó wá ṣe olóòtú ìjọba. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni náà? Orí ni wọ́n ń kà. Aṣòfin 650 ló wà níbẹ̀ báyìí. Bí wọ́n bá fẹ́ dìbò, ńṣe ni wọ́n ń dìde lórí àga, àwọn tó gbà á gba ọ̀nà ọ̀tún, àwọn tó kọ̀ ọ́ gba ọ̀nà òsì, wọ́n á sì máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 28 March 1979, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ka ìjọba Callaghan, olóòtú ìjọba wọn nígbà náà, kúrò nílé: 311 sí 310. Orí kan ṣoṣo. Aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ kan wà tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ tí wọn kò gbé wá. Ẹnikẹ́ni kò ju àga lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ dìbò.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sílé. Ní 1960, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí di Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ Gómìnà. Kì í ṣe irú gómìnà olówó ìlú, oní-sáírìn-ín tá a mọ̀ lónìí o. Ọbabìnrin Elizabeth ló ń ṣojú fún. Akintọ́lá tó jẹ́ Premier ló ń ṣèjọba. Adé Odùduwà jókòó de adé òyìnbó. Ní May 1962, aṣòfin 66, tí wọ́n ju ìdajì ilé lọ, fọwọ́ sí lẹ́tà kan pé àwọn kò sí lẹ́yìn Akintọ́lá mọ́. Kábíyèsí gba lẹ́tà, ó yọ Akintọ́lá, ó fi Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Ilé kò tíì jókòó. Ọjọ́ tí ilé jókòó, ní 25 May, àga ń fò ní Ìbàdàn, ọ̀pá àṣẹ di igi ìjà, ọlọ́pàá yin tíágáàsì. Ní 29 May, ìjọba àpapọ̀ kéde ìlú ò fararọ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn.

Akintọ́lá gba kóòtù lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ yìí ní lẹ́tà kò tó. Wọ́n gbé e dé Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó lè yí ìdájọ́ tilé padà nígbà náà, àwọn yẹn ní 1963 ní Gómìnà kò ṣẹ̀: ohun tí òfin wí ni pé "bó bá hàn sí i" pé ọ̀pọ̀ kò sí lẹ́yìn Premier, kò sọ pé dandan ni kí wọ́n dìbò nínú ilé. Àwọn aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn bá sáré tún òfin náà ṣe, wọ́n fà á padà sẹ́yìn dé 1960, Akintọ́lá sì dúró sórí àga.

Èrò tèmi rèé, ẹ má bínú sí mi ní Ẹnuwá. Kábíyèsí jàre nínú òfin. Àmọ́ ì bá wù mí kó ní kí wọ́n lọ ka ara wọn lójú ilé. Èèyàn lè fọwọ́ sí lẹ́tà lóru nínú pálọ̀ ẹlòmíràn, kó sì sẹ́ ẹ lówùúrọ̀. Ẹni tó bá rin ọ̀nà òsì lójú gbogbo ayé kò ní ohun tó fẹ́ sẹ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé Kábíyèsí ti ṣe mínísítà rí, wọ́n sì mọ bó ṣe sún mọ́ Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ tí òun àti Akintọ́lá ń bá ara wọn jà. Bó tilẹ̀ ṣe ẹ̀tọ́, àwọn tọ̀hún kò ní gbà pé ẹ̀tọ́ ni.

Ìdí nìyí tí ẹnu fi ń kọ mí sí àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n fi ipò ọba sínú ìwé òfin Nàìjíríà. Kò burú. Ṣé a mọ iye tí wọ́n ń tà á? Charles kì í dìbò. Kì í sọ ẹgbẹ́ tó wù ú. Nílẹ̀ wa, ìgbà ìbò kan ò ní kọjá kí olùdíje kan má wọ ààfin, kó dọ̀bálẹ̀, kí ọba gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ lé e lórí pé ìwọ lo máa wọlé. Ọ̀sẹ̀ kejì, alátakò rẹ̀ dé, àdúrà kan náà ni. Ọba mélòó nínú wọn ló lè pa ẹnu mọ́ láti àjọ̀dún kan dé èkejì?

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, torí iná lọ lórí mi lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan kò dọ́gba. Mo ro ìtàn Adérẹ̀mí fún bábà látòkè délẹ̀. Kò béèrè ẹni tó jàre. Ó gbọn irun kúrò lára kílípà, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ní àwọn 66. Ta ló kà wọ́n?"