Aaron Swartz kì í ṣe ọmọ Yahoo
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Lánàá ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì ní Tanke, ẹ ní ọmọ Yahoo ni Aaron Swartz, ọmọ Amẹ́ríkà tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa yẹn, pé owó báǹkì ló jí tí kóòtù fi jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 35. Rárá o! Kò sí kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìwé ìwádìí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀kẹ́ àìmọye, ló ń gbà sílẹ̀ látorí JSTOR, ilé ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Yàrá kékeré tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì wà ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ló gbé láptọ́ọ̀pù sí, ó fi páálí bò ó. Èmi ò ní kó dáa. Ṣùgbọ́n JSTOR fúnra wọn ti bá a yanjú ọ̀rọ̀ ní 2011. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló fàáké kọ́rí pé àwọn á bá a ṣẹjọ́. Ọdún 35 yẹn, iye tó ga jù tí òfin lè fún un lórí ẹ̀sùn mẹ́rin àkọ́kọ́ ni. Ní 2012, wọ́n sọ ẹ̀sùn 4 di 13. Kóòtù ò dá a lẹ́bi rí: ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní January 2013, ọmọ ọdún 26, kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì fagi lé ẹ̀sùn náà.

Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n, odidi ìwé olówó ńlá kan lẹ ń ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ bí ẹ ṣe ń bú u lólè.