Kò di dandan kí a pààrọ̀ àpótí bíréékà kí ilé tó kúrò lórí gáàsì

Ọ̀pọ̀ onílé ní Amẹ́ríkà, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ti ra ilé níbẹ̀, ló gbà pé ẹni tó bá fẹ́ pa gáàsì tì, kó máa fi iná mànàmáná dáná, mú ilé gbóná, kó sì tún fi ṣáàjì ọkọ̀, kò lè ṣàì pààrọ̀ àpótí bíréékà 100 áńpíà sí ti 200. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni iṣẹ́ náà sábà máa ń gbà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ni kò nílò rẹ̀.

Ohun tó ń ṣi wọ́n lọ́nà ni pé wọ́n máa ń ṣí àpótí náà, wọ́n á ro nọ́ńbà ara àwọn bíréékà pọ̀, wọ́n á sì rí i pé ó ti ju 100 lọ. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe iye iná tí à ń lò. Ibi tí bíréékà yóò ti já kí wáyà má baà gbóná jù ló ń sọ. Iye tí àwọn ẹ̀rọ ń fà lẹ́ẹ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ wà.

Áńpíà 100 lórí 240 fóòtì jẹ́ 24,000 wáàtì. Ìwé òfin iná NEC ti ọdún 2023, ní ẹ̀ka 220.87, gbà kí oníṣẹ́ iná wo àkọsílẹ̀ mítà ọdún kan, kó mú ibi tó ga jù lọ, kó fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kún un, kó tó ka ẹ̀rọ tuntun mọ́ ọn. Ká ní ibi tó ga jù jẹ́ 6,000 wáàtì, ó di 7,500. Heat pump (ẹ̀rọ iná tó ń mú ilé gbóná) 4,000, ẹ̀rọ omi gbígbóná 900 àti sítóòfù 8,000 gbé e dé 20,400. Ṣáájà ọkọ̀ tó ń fa áńpíà 16, tí òfin kà sí 4,800, ni yóò mú un kọjá ààlà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń dá ṣáájà dúró nígbà tí sítóòfù bá ń ṣiṣẹ́, tí yóò sì tún tan án lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́; láàárín wákàtí mẹ́wàá òru, ọkọ̀ ti gba iná tó lè gbé e rin nǹkan bí 100 máìlì. Ẹni tó bá ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré rí ní Nàìjíríà, tó ń pa fíríìjì kó tó ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́.

Àpótí tó ti dípẹtà, tó ní ojú jíjó, tàbí tí bíréékà rẹ̀ kì í já mọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: pípààrọ̀ ni yóò pààrọ̀, kódà bí onílé kò bá fẹ́ fi ẹ̀rọ kankan kún un.