Owó ojú pátákó Jerry Lewis: kì í ṣe fóònù ló kó gbogbo rẹ̀ jọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé gbogbo mílíọ̀nù dọ́là tó máa ń hàn nígbà kan rí lójú pátákó ètò ìkówójọ orí tẹlifíṣọ̀n ti Jerry Lewis, apanilẹ́rìn-ín ará Amẹ́ríkà, àwọn òǹwòran ló fi fóònù dá a láàárín òru kan àti ọ̀sán kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọdún 1966 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní New York, ní àsìkò ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà nínú oṣù Kẹsàn-án, láti wá owó fún àwọn tí àrùn ń jẹ iṣan ara wọn. (Lewis kọ́ ló kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ o. Milton Berle, apanilẹ́rìn-ín mìíràn, ti ṣe é nítorí àrùn jẹjẹrẹ lọ́dún 1949.) Nígbà tó gbilẹ̀, ó ń gba nǹkan bíi wákàtí 21 àtààbọ̀, láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Lewis á kígbe pé "Timpani!", ìlù ńlá á dún kíkankíkan, nọ́ńbà ojú pátákó á yí sókè. Ibẹ̀ ni ojú ti ń tan èèyàn.

Ẹni tó pè lórí fóònù nígbà náà kò tíì san kọ́bọ̀. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti gbé fóònù á kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iye tó ṣèlérí sórí káàdì. Lẹ́yìn ètò ni ìwé ìránnilétí á tó dé ilé onítọ̀hún, kí ó tó wá fi sọ̀wédowó ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣi àdírẹ́sì kọ, tàbí tí ara ẹni náà ti tutù, ìlérí lásán ló kù nílẹ̀.

Owó tó dájú, ibòmíràn ló ti ń wá. Láti 1954 ni àwọn panápaná ti ń dúró ní oríta fún Muscular Dystrophy Association, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe ètò náà, tí wọ́n ń na bàtà gígùn tí wọ́n fi ń paná sí àwọn awakọ̀, tí ẹ̀yọ owó ń ró wọnran-wọnran nínú rẹ̀. Àwọn ilé ìtajà pẹ̀lú ń gbé agolo owó sórí káńtà, wọ́n sì ń ta bébà tí wọ́n gé bí ewé fún àwọn oníbàárà. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́ di ọjọ́ ètò, aṣojú wọn á gun orí ìtàgé pẹ̀lú sọ̀wédowó, iye náà á sì bọ́ sójú pátákó. Iṣẹ́ oṣù bíi mélòó kan ni òǹwòran ń rí ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ wo ọdún méjì yìí. Ní 2010, Lewis ló darí ètò, owó tí wọ́n kéde jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 58.9 dọ́là. Ní 2011, Lewis ti kúrò nídìí ètò náà, wọ́n sì gé ètò náà kù sí wákàtí 6 péré. Mílíọ̀nù 61.5 ni wọ́n kéde. Bó bá jẹ́ pé ìpè orí fóònù ló ń gbé e ró ni, wákàtí 15 àtààbọ̀ tí wọ́n gé ìbá ti fa owó náà lulẹ̀. Ó dùn wá pé àwọn tó dúró nínú oòrùn pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́ ni ìtàn yìí ń gbàgbé.