Ọ̀fẹ́ Ni, Wọ́n sì Gba £46 Lọ́wọ́ Mi

Mi ò tíì bọ́ bàtà iṣẹ́ òru lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ yìí tí ímeèlì ìkànnì tó ta tíkẹ́ẹ̀tì mùsíọ́mù fún mi fi wọlé. Wọ́n ní báwo ni ìbẹ̀wò mi ṣe rí. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ìràwọ̀ kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ta ohun tí gbogbo ayé ń rí lọ́fẹ̀ẹ́ fún mi, ẹ̀yin ni kí n fún ní ìràwọ̀? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, nítorí màmá mi ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mi ò sì fẹ́ kí ó máa rí ojú mi ní wíwú. Ìràwọ̀ yẹn ló tú u síta.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní London, ẹ mọ ohun tí háàfù-táàmù, ìsinmi àárín sáà ilé-ìwé, ń fojú ẹni rí. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, gbogbo ọmọ ìlú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ibi gbogbo kún fọ́fọ́, ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò sì fẹ́ gbọ́ pé èèyàn bímọ. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún Sátidé kan péré. Wọ́n fún mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n wọ ṣíìfù alẹ́ ọjọ́ náà ní aago méje. Mo gbà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti ń pe orúkọ àwọn dáínósọ̀, ẹranko ayé àtijọ́ yẹn, láti ìgbà tí ahọ́n rẹ̀ kò tíì yọ́ sí orúkọ ara rẹ̀. Màmá mi sì ti Ìbàdàn dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni yóò lò, kò tíì rí ju yàrá ìdáná mi àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ nínú gbogbo London. Mo ní n ó kó gbogbo wọn lọ sí Natural History Museum ní South Kensington, kí ọmọ rí dáínósọ̀ rẹ̀, kí ìyá mi náà rí ohun tí yóò ròyìn nílé.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, mo gbé fóònù, mo kọ orúkọ mùsíọ́mù náà sí i. Èyí tó kọ́kọ́ yọjú ni mo tẹ̀. Ta ló ń wo ìsàlẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀? Àwòrán ilé náà wà níbẹ̀ gàgàrà. Wọ́n kọ ọ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì tó kù kò tó mẹ́wàá, pé ènìyàn mọ́kànlélógún ló ń wò ó lọ́wọ́ bí mo ṣe ń wò ó. Aago kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ka ìṣẹ́jú tó kù fún mi. Àyà mi já. Wọ́n ní ẹni tó bá rà á lọ́dọ̀ àwọn kò ní í tò rárá, pé ẹnu ọ̀nà tiwọn ọ̀tọ̀ ni. £12 fún àgbà, £8 fún ọmọdé. Àgbà méjì, ọmọ méjì, £40. Mo dé ibi ìsanwó, £6 tún gorí rẹ̀, wọ́n pè é ní owó ètò. Ètò wo? Mo san án. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo rí i rà kí ó tó tán.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í dé, wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní bí ẹyin iná kọ ọ́ pé ohùn afinimọ̀nà tí èèyàn yóò máa gbọ́ lórí fóònù ni àwọn ń tà, pé ọ̀rọ̀ ìwọlé kò kan àwọn. Ọjọ́ Àìkú ni mo tó rí i, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ tán, ìka méjì ni mo sì fi fẹ ojú fóònù kí n tó lè kà á.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá wa lórí WhatsApp náà, inú ń bí mi sí yín. Àdúrà ogójì lójúmọ́, fídíò ewé tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹnikẹ́ni nínú yín kò lè kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ọ̀fẹ́ ni ibẹ̀, pé orí ìkànnì mùsíọ́mù fúnra rẹ̀ ni kí a ti lọ mú àkókò? Ìgbà tí mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni mẹ́ta ló fèsì pé ó ṣe àwọn náà rí. Ó ṣe yín rí, ẹ sì dákẹ́!

Sátidé dé. Mo ti tẹ tíkẹ́ẹ̀tì náà jáde ní láíbìrì, tàwọ̀tàwọ̀, nítorí màmá mi ní òun kò fọkàn tán ohun tó wà nínú fóònù. Mo di ìrẹsì sínú kúlà. Sátidé yẹn gan-an ni wọ́n yàn láti tún ojú irin ṣe. Ẹ sọ fún mi, ọjọ́ wo ni wọn kì í tún un ṣe tó bá jẹ́ pé èmi ló fẹ́ jáde? Láti Thamesmead tí mò ń gbé, bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi rọ́pò rélùwéè, lẹ́yìn náà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Ìyá mi ń gun àtẹ̀gùn, ó ń di orúnkún mú. A tún wá rin ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ gígùn tó ti ibùdókọ̀ South Kensington lọ sí àwọn mùsíọ́mù yẹn, èrò ń tì wá níwájú, wọ́n ń tì wá lẹ́yìn. Mo ń sọ fún un pé, “Màámi, ẹ ṣe sùúrù. Tí a bá ti débẹ̀, a ò ní í tò. Mo ti sanwó.” Bí mo ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn láti ilé. Mo ti sanwó.

A débẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú kí aago kan lù. Ìlà ti yí ọgbà po. Mo kó àwọn èèyàn mi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé ìwé mi sókè, mo ń wá ẹnu ọ̀nà àwọn tó ti sanwó. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tan iná pupa. Ó tún un gbé lé e. Pupa. Ó yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ àwọn kọ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì náà ti wá.

Mo ní ẹnu ọ̀nà àwọn tó ti sanwó ńkọ́?

Ó ní, “Kò sẹ́ni tó ń sanwó láti wọlé, mà. Ọ̀fẹ́ ni.”

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Ìyá mi, tí kò gbọ́ gbogbo ohun tí a sọ, tó kàn rí i pé wọ́n dá wa dúró níwájú gbogbo èrò, sún mọ́ mi, ó rọra fa apá aṣọ mi. Ó ní, “Àdùkẹ́, kí ló dé? Ṣé owó ò pé ni?” Ó sì ti ń tú kókó etí ìró rẹ̀ láti yọ owó tí mo fún un fún ìnáwó.

Ẹ gbọ́ o. Ìyá mi tó dúró lójú ọ̀nà ní ìlú òyìnbó, tó rò pé owó ọmọ òun ni kò pé.

A padà sí ìdí ìlà. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀. Àwọn tó ti mú àkókò wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì mùsíọ́mù ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n na fóònù, wọ́n wọlé. Kò sí ẹni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó kù díẹ̀ kí a lo wákàtí méjì. Ọmọ mi obìnrin tọ̀ sára. Mo mú ìyá mi jókòó lé orí kúlà ìrẹsì.

Ìgbà tí a wọ gbọ̀ngàn ńlá wọn, ó gbójú sókè. Eegun ẹranko òkun kan ló rọ̀ láti àjà, ó dorí kodò, ó la ẹnu bí ẹni ń bọ̀ wá gbé wa mì. Ó ju mítà 25 lọ. Etí òkun Ireland ni omi gbé e sí ní 1891. Ìyá mi di ògiri mú. Ó ní, “Àdùkẹ́, ṣé àbùùbùtán nìyí? Mo ṣebí inú àlọ́ nìkan ló wà.” Ó gbàgbé orúnkún. Ó ń fi ìka ka egungun ìhà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ì bá wù mí kí ó dúró síbẹ̀ títí wọn yóò fi tìlẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo lè fún un, nítorí aago mẹ́rin ni mo gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí n tó lè bá ṣíìfù. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè dárí rẹ̀ ji àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì náà fún mi. Owó, mo lè ṣiṣẹ́ rí òmíràn.

Ọmọ mi ọkùnrin dúró lábẹ́ àbùùbùtán náà, ìwé àjákọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú ìkànnì yẹn ti sọ pé Dippy, dáínósọ̀ ọlọ́rùn gígùn, ni yóò kí wa káàbọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Òun ló yà sí iwájú ìwé rẹ̀, ó fi kréyọ̀nù kun ún. Wọ́n ti gbé Dippy kúrò níbẹ̀ ní 2017, kí wọ́n tó bí ọmọ náà! Àwọn oníkànnì yẹn ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn, wọn kò sì lè pààrọ̀ àwòrán. A tún tò fún iyàrá àwọn dáínósọ̀. Ó rí T. rex, dáínósọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, tó ń mira tó ń bú ramúramù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo sì fà á jáde pẹ̀lú ẹkún.

Ní òru ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ti sùn, mo jókòó ka ìtàn ilé yẹn. Àkójọ dókítà kan tó ń jẹ́ Hans Sloane ni wọ́n fi pilẹ̀ rẹ̀. Ó dé Jamaica ní 1687, ó ń ká ewé, ó ń kó ẹranko jọ. Ó padà dé, ó fẹ́ opó kan tí owó rẹ̀ ń ti oko ìrèké Jamaica wá, oko tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ń ro. Ìgbà tó kú ní 1753, ìjọba san £20,000 fún gbogbo àkójọ rẹ̀ kí ó lè di ti ará ìlú. Ẹranko, ewé àti òkúta inú rẹ̀ ni wọ́n wá gbé lọ sí South Kensington, tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ibẹ̀ ní 1881. Wọ́n gba owó ẹnu ọ̀nà fún sáà kan láti 1987, wọ́n sì fòpin sí i ní oṣù Kejìlá 2001. Gbèsè wo ló wá kù tí irú èmi jẹ? Àwọn baba wa ti fi ẹ̀jẹ̀ san owó ìwọlé yẹn kí ẹnikẹ́ni tó bí ìyá mi.

Mo kọ̀wé sí ìkànnì tó ta tíkẹ́ẹ̀tì náà fún mi. Róbọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ orúkọ obìnrin ní ọ̀rọ̀ mi ká àwọn lára, àmọ́ ohùn afinimọ̀nà ti dé ọwọ́ mi, kò sí àdápadà. Báńkì ní èmi fúnra mi ló fọwọ́ sí i.

Mo fẹ́ £46 mi. Kí ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni yòówù kó jẹ́, ti ìkànnì yẹn pa lónìí. Kí ọ̀kan nínú wọn sì wá sí ilé mi ní Thamesmead, kí ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, kí ó sọ fún un pé owó wa pé. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni ìyá mi ń padà sí Ìbàdàn.