Ariwo ìkìlọ̀ ìjì lórí tẹlifíṣọ̀n: ṣé ká pa á ni, àbí ká fara dà á?

Bàbá Ìfẹ́ (Tulsa)
Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ń gbé lọ́dọ̀ wa níbí ní Oklahoma. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, etí wọn sì ti wúwo díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Bí ìkìlọ̀ ìjì bá wá já wọlé lójijì, gbogbo ilé ló ń mì. Lọ́jọ́ kan, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó dà sí wọn lẹ́sẹ̀, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń pe orúkọ mi kíkankíkan. Ìjì ọ̀hún kò sì sí nítòsí wa rárá! Ìpẹ̀kun Osage County ló wà, káúńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa) tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju ti ìpínlẹ̀ Delaware lódindi lọ. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń pa ariwo yìí?

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi kí Màmá. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má pa á. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ rántí Joplin ní Missouri, 22 May 2011. Èèyàn 158 ni ìjì ààjà pa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday yẹn. Kì í ṣe pé wọn ò kìlọ̀ o. Ìkìlọ̀ ti jáde ní ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 15 kí ìjì tó dé. Nígbà tí National Weather Service, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń kìlọ̀ nípa ojú ọjọ́, ṣèwádìí lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò wá ibi sá sí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ń dúró kí nǹkan mìíràn wá fìdí ẹ̀ múlẹ̀ fún wọn. Bí ariwo kan bá wà tó lè mú èèyàn dìde lórí àga, ẹ jẹ́ kó máa pariwo.

Ṣọlá KC
Àǹtí Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yẹn gan-an ló gbè mí lẹ́yìn. Kí ló dé tí wọn ò fi sá? Torí pé wọ́n ti gbọ́ ọ títí, tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nínú ìkìlọ̀ ìjì ààjà mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà, bíi méje ni ìjì kì í jà níbi tí wọ́n kìlọ̀ fún. Mi ò bá àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ jà, iṣẹ́ wọn le. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi ariwo kan náà já èèyàn láyà nítorí ibi tó jìnnà réré, ẹ ń kọ́ etí rẹ̀ láti má gbọ́ ni. Bàbá Ìfẹ́ ò jẹ̀bi.

Ẹnjiníà Wálé
Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́, yàrá tí wọ́n ti ń tari ètò jáde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ẹ ò lè rí bọ́tìnì tí ẹ máa fi pa á nínú ilé, torí kì í ṣe inú tẹlifíṣọ̀n yín ló ti ń wá. Iléeṣẹ́ ló gbé e gun orí ètò tí ẹ ń wò. Ariwo gbígbẹ tó kọ́kọ́ ń dún ṣákaṣàka lẹ́ẹ̀mẹta yẹn, ẹ̀rọ ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀: irú ewu wo ni, káúńtì wo ni, yóò pẹ́ tó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn méjì máa ń dún pa pọ̀, ọ̀kan ní 853 Hz (ìyẹn iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), èkejì ní 960 Hz, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú àáyá 8. Ohùn méjèèjì ò bára mu, wọ́n ń gún ara wọn létí ni, kò sì sẹ́ni tó lè fi wọ́n pe orin. Èèyàn inú fíìmù á sọ̀rọ̀, á dákẹ́, á mí. Àwọn méjì yìí kì í mí rárá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dà bíi pé ẹnì kan yí ohùn sókè. Òfin ọdún 2010 tó dín ariwo ìpolówó ọjà kù kò kàn wọ́n.

Ní ti ìkìlọ̀ ibi tó jìnnà, òótọ́ ni Ṣọlá sọ. Láti 2007 ni Weather Service ti ń fi ìlà yí kìkì ibi tí ìjì ń lọ ká lórí máàpù, ṣùgbọ́n káúńtì ni ẹ̀rọ tiwa ṣì mọ̀. Káúńtì tí iléeṣẹ́ kan sì ń bójú tó pọ̀, nítorí náà ìkìlọ̀ ọ̀kan nínú wọn ń dún létí gbogbo wọn.

Bàbá Ìfẹ́, ẹ wo inú sẹ́tìn ohùn tẹlifíṣọ̀n yín. Ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Auto Volume tàbí Night Mode. Ó máa ń mú ohùn kékeré àti ńlá sún mọ́ra. Ẹ tàn án.

Olúwaṣeun
Ẹ yọ okùn rẹ̀ jàre. Ẹ̀rù ń pa àgbàlagbà ju ìjì lọ.

Ìyá Ìbejì (Tennessee)
Olúwaṣeun, má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, mo bẹ̀ ọ́. Òru 3 March 2020, aago méjì ò tíì lù nígbà tí ìjì ààjà wọ Putnam County, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cookeville. Èèyàn 19 ló kú ní káúńtì yẹn nìkan. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń dùn mí nínú àríyànjiyàn yìí. Ta ló ń wo tẹlifíṣọ̀n lásìkò yẹn? Èyí tí wọ́n ti pa ò lè kìlọ̀ fẹ́nikẹ́ni. Ẹni tó ń wo Netflix náà ò ní gbọ́ ọ, torí kì í gba ibẹ̀ kọjá. A ń jà lórí ẹ̀ṣọ́ tí kì í sí lẹ́nu iṣẹ́ lóru! Ẹ ra rédíò ojú ọjọ́ ti NOAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ẹ tẹ nọ́ńbà káúńtì tiyín nìkan sí i, ẹ fi bátìrì sí i. Á dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí tí ọ̀rọ̀ káúńtì yẹn á fi dé.

Ṣọlá KC
Mo gba ti rédíò. Ṣùgbọ́n ẹ wo fóònù. 2012 ni ìkìlọ̀ orí fóònù bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń tún un ṣe: ibi tí ìlà yẹn yí ká ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí, àti láti 2021, ìjì àrá tó bá lè ba nǹkan jẹ́ gan-an nìkan ló ń mú un dún. Kí ló dé tí tẹlifíṣọ̀n ò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹnjiníà Wálé
Àbúrò, mo fẹ́ kí wọ́n tún ti káúńtì ṣe lónìí bó bá ṣeé ṣe. Ohùn yẹn ni mi ò fẹ́ kí wọ́n dín kù. Ní 2014, FCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, dábàá owó ìtanràn tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 dọ́là fún àwọn iléeṣẹ́ kébù tó gbé ìpolówó fíìmù kan tó lo ohùn ìkìlọ̀ yìí. Wọn ò fẹ́ kí etí mọ̀ ọ́n lára. Bí òpó fóònù bá sì wó, eríàlì orí òrùlé ṣì lè gba ìròyìn.

Bàbá Ìfẹ́ (Tulsa)
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti tan Auto Volume yẹn. Màmá ńkọ́ lóru? Wọ́n máa ń yọ ẹ̀rọ etí wọn kí wọ́n tó sùn, wọn ò ní gbọ́ rédíò.

Ìyá Ìbejì (Tennessee)
Àwọn rédíò kan wà tí ẹ lè so iná tó ń ṣẹ́jú mọ́, tàbí ohun pẹlẹbẹ kan tó ń mì lábẹ́ ìrọ̀rí. Àwọn tí kò gbọ́ràn ni wọ́n ṣe é fún.

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì
Ẹ bi dókítà wọn léèrè kí ẹ tó ra èyí tó ń mì. Rédíò fúnra rẹ̀, yàrá tiyín ni kó wà, kí ẹ lè lọ fọwọ́ jẹ́jẹ́ jí wọn. Lọ́sàn-án, ẹ gbé sípíkà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àga wọn. Tí ohùn bá ti sún mọ́ etí, kò ní sídìí láti yí i sókè jù, ìkìlọ̀ náà á sì rọlẹ̀ bákan náà.

Ṣọlá KC
Ìyẹn á ran Màmá lọ́wọ́, inú mi dùn sí i. Àmọ́ ẹrù tó yẹ kí ìjọba àti àwọn iléeṣẹ́ gbé ni Bàbá Ìfẹ́ ń fi owó ara ẹ̀ gbé yẹn. Èmi á kọ̀wé sí FCC lórí ọ̀rọ̀ káúńtì yìí. Ẹnjiníà, ṣé ẹ máa bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́?

Ẹnjiníà Wálé
Fi ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n tí o bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n dín ohùn náà kù, mi ò ní fọwọ́ sí i.