Èsì wa sí oníbàárà wa ní Àgọ́-Ìwòyè, lórí CDI àti ọ̀kadà tí kò sítáàtì

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ìrọ́jú. A ti ka ohun tí ẹ kọ, pé ayédèrú ni CDI (àpótí kékeré tí ń mú kí pọ́lọ́ọ̀gì ta iná) tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé ẹ tẹ kíkì títí ẹsẹ̀ fi ń ro yín tí ọ̀kadà kò sì sítáàtì, àti pé gàrí tí ó yẹ kí ẹ gbé dé Òru ní àárọ̀ ọjọ́ náà wà nílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó dùn wá, nítorí a mọ ohun tí ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ́ fún ẹni tí ó ń fi ọ̀kadà jẹun.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo àwòrán tí ẹ fi kún ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Lábẹ́ ìjókòó, níbi tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín so alámù tuntun mọ́ ọ̀kadà, wáyà dúdú tí ó ní ilà funfun ni ẹ bó, tí ẹ lọ́ ti alámù mọ́ ọn, tí ẹ sì fi tépù wé. Wáyà yẹn gan-an ni a fi ń pa ẹ́ńjìnnì. Nínú irú ọ̀kadà tiyín, bí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́, ńṣe ni kọ́kọ́rọ́ ń so wáyà dúdú-funfun yìí pọ̀ mọ́ ara irin ọ̀kadà, tí iná tí ó yẹ kí ó lọ sí kọ́ìlì pọ́lọ́ọ̀gì á sì gba ibẹ̀ ṣòfò. Ọgbọ́n kan náà ni alámù ń lò láti dá olè dúró. Bí a bá so ó ṣì, tàbí bí ojú ibi tí a lọ́ pọ̀ bá ń kan irin, bákan náà ni yóò rí bí ìgbà tí ẹ pa kọ́kọ́rọ́, bí ẹ tilẹ̀ ṣí i sílẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín sì kọ ọ́ pé alẹ́ ọjọ́ tí ẹ so alámù náà ni ọ̀kadà kọ̀, kí ẹ tó wá ra CDI rárá.

Ẹ dán èyí wò ní ìta gbangba, kí jíà wà ní nútírà. Ẹ yọ wáyà dúdú-funfun nìkan kúrò ní sókẹ́ẹ̀tì CDI, kí ẹ fi tépù bo ẹnu rẹ̀. Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ fi í padà sínú fìlà rẹ̀, kí ẹ fi ara irin rẹ̀ ti ẹ́ńjìnnì, ní ibi tí ó jìnnà sí ihò tí ẹ ti tú u, nítorí òórùn epo máa ń jáde níbẹ̀, ó sì lè gbiná. Ẹ wá tẹ kíkì. Bí iná bá ń ta lẹ́nu pọ́lọ́ọ̀gì, CDI wa kò ní àbùkù, alámù ni ẹ máa tú. Ẹ fi sọ́kàn pé bí ẹ bá sítáàtì rẹ̀ báyìí, kọ́kọ́rọ́ kò ní lè pa á. Ẹ ti ẹnu epo lábẹ́ táǹkì, yóò sì kú fúnra rẹ̀ láìpẹ́.

Mẹkáníìkì tí ó ní kí ẹ ra bátìrì, ẹ jẹ́ kí ó ní sùúrù ná. CDI tí ń gba iná láti inú ẹ́ńjìnnì ni tiyín, kì í ṣe èyí tí ń lo bátìrì oní-12 volt, nítorí náà bátìrì tí ó kú kò ní kí kíkì má ṣiṣẹ́.

Ibi tí àwa ti jẹ̀bi wà o. Nígbà tí ẹ gbé CDI àtijọ́ wá, ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa fi ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ wé tuntun, ó rí i pé wọ́n bára mu, ó sì gba owó. Kò bi yín bóyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nǹkan kún ọ̀kadà. Ìbéèrè kan yẹn ì bá gba owó yín là, nítorí ó ṣeé ṣe kí CDI àtijọ́ yín má bàjẹ́ rárá. Láti ọ̀sẹ̀ yìí, a kì í ta CDI fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ béèrè.

Bí iná bá ta, ẹ fi CDI àtijọ́ dán an wò pẹ̀lú. Bí òun náà bá ṣiṣẹ́, ẹ mú tuntun padà wá, a ó dá gbogbo owó yín padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í gba ọjà iná padà. Bí iná kò bá sì ta rárá, ẹ kó méjèèjì wá pẹ̀lú alámù náà, a ó dán wọn wò lára ọ̀kadà wa lójú yín.