Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Àṣàrò àti Ìwà

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwà rere sì lẹ̀ṣọ́ ènìyàn. Ẹni tó bá so òwe méjèèjì pọ̀ ti mọ ohun tí àṣàrò wà fún: inú ọkàn la ti ń múra ìwà tí a óò gbé jáde. Ẹni tó múra títí tí kò jáde, ta ló múra fún?

Ọ̀rọ̀ Hébérù tí wọ́n túmọ̀ sí àṣàrò nínú Jóṣúà 1:8, hagah, kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lásán. Kíkùn lábẹ́ ètè ni. Òun náà ni Àìsáyà lò fún kìnnìún tó ń kùn lórí ẹran tó pa. Ẹsẹ náà kò sì dúró síbẹ̀: ṣe àṣàrò tọ̀sán tòru, kí o lè máa ṣe ohun tí a kọ. Kùránì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Súrà 107 ṣe ègbé fún olùkírun tó ń ṣe ṣekárími, tí kì í fẹ́ ṣe oore kékeré fún ọmọnìkejì. Ẹni tó ka Subhanallah 33, Alhamdulillah 33, Allahu Akbar 34 lẹ́yìn ìrun, tó wá lé aládùúgbò tó fẹ́ yá nǹkan, òun ni wọ́n ń bá wí.

Nínú ọ̀nà yóga, ìlànà ìkóra-ẹni-níjàánu tí Patanjali, amòye ilẹ̀ Íńdíà àtijọ́, là sílẹ̀, ẹ̀ka mẹ́jọ ló wà, àṣàrò sì ni ìkeje. Èkíní ni ìjánu ìwà: má ṣèkà, má purọ́, má jalè. Ètò yìí tọ́ lójú wa. Ẹni tó jẹ owó olówó lánàá, bó bá dijú lónìí, owó yẹn ni yóò rí.

Ìṣẹ́jú 15 lálẹ́ tó. Ẹ jókòó, kí ẹ̀yìn yín nà, torí ẹni tó dùbúlẹ̀ yóò sùn. Ẹ ka èémí bí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti ń kà á: bó bá jáde, ení, bó tún jáde, èjì, títí dé ẹ̀wá, kí ẹ padà sí ení. Bí ọkàn bá sá lọ ní ẹ̀rin, ẹ padà sí ení láì bá ara yín jà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé ọkàn gbọ́dọ̀ ṣófo, wọ́n wá ń fipá lé èrò, èrò sì ń pọ̀ sí i. Kí a mọ̀ pé ọkàn ti lọ, kí a rọra mú un padà, iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn. Ìmọ̀lára kan náà la óò nílò lọ́la, nígbà tí ẹnìkan bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù wá: ẹni tó ti mọ ìgbà tí ọkàn rẹ̀ ń lọ lè mọ̀ ọ́n kí èsì tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn èémí, ẹ gba ọ̀nà tí Ignatius ti Loyola, àlùfáà Kátólíìkì ará Sípéènì tó kú ní 1556, fi ń yẹ ọjọ́ rẹ̀ wò. Ohun márùn-ún ni: ẹ dúpẹ́, ẹ tọrọ ìmọ́lẹ̀, ẹ tún ọjọ́ náà rìn ní wákàtí-wákàtí, ẹ tọrọ ìdáríjì, ẹ pinnu àtúnṣe. Ìkẹta ló ń gba àkókò jù, ìkarùn-ún ló ń bàjẹ́ jù. "Màá ṣe dáadáa lọ́la" kì í ṣe ìpinnu, torí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì ní àkókò. Ẹ sọ pé: "Láàárọ̀, kí n tó fọwọ́ kan iṣẹ́, màá bẹ ẹni tí mo jágbe mọ́." Ẹyọ kan ni o. Ẹni tó pinnu mẹ́fà kì í sábà ṣe ọ̀kan.

Bí dídijú bá ń gbé ẹ̀rù àtijọ́ dìde, ẹ lajú, ẹ dín in kù sí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó mọ ìtọ́jú ọkàn.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: ṣé mo ti bẹ onítọ̀hún? Bí ẹ kò bá tíì ṣe é, ẹ má tíì yan òmíràn.